Mo Wa Ọkọ̀ Eré Ìje Nílùú Ọba: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Mú Bọ̀ fún Ojú Títì Wa

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ta ni dírẹ́bà tí ó mọ ọkọ̀ wà jù lọ, èsì kan náà ni gbogbo wọn yóò fọ̀: ẹni tí ó bá lè sáré jù ni. Àwa àgbà pẹ̀lú kò yàtọ̀ sí wọn. Nínú gáréèjì, dírẹ́bà tí wọ́n bá ní ọkọ̀ rẹ̀ ń fò ni èrò máa ń wọ́ tọ̀. Ìyá oníṣòwò tí ó fẹ́ tètè bá ọjà a ní, “Ọkọ̀ ta ni ó yá jù níbí?” Kò wọ́pọ̀ kí a gbọ́ ẹni tí yóò ní, “Ọkọ̀ ta ni táyà rẹ̀ dára jù níbí?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé mo ti dé ibi tí wọ́n ti sọ eré sísá di iṣẹ́, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi wa ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré nìkan. Ẹni tí ó bá ń retí pé n óò máa fọ́nnu yóò ṣe sùúrù. Eré kọ́ ni mo rí níbẹ̀ jù, ìkíyèsára ni.

BÍ MO ṢE DÉ IBẸ̀

Nígbà ìsinmi gígùn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ rẹ̀ ti ra ẹ̀bùn kan sílẹ̀ dè mí. Nílùú Ọba, àwọn pápá eré ìje wà tí ó jẹ́ pé, ní ọjọ́ tí kò bá sí ìje, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀ lè sanwó kí wọ́n kọ́ ọ, kí ó sì wa ọkọ̀ eré ìje fún ìwọ̀nba ìyípo díẹ̀. Ìwé irú ìsanwó bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé lé mi lọ́wọ́. Títí di òní, ó kọ̀ láti sọ iye tí ó san.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àwọn ará ilé bí nǹkan bá ṣe mí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, wọn kò ní jẹ́ kí nǹkan ṣe ọ́. Lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

Gbólóhùn yìí ni ó ń padà wá sí mi lọ́kàn láti ọjọ́ náà.

Brands Hatch ni orúkọ pápá tí a lọ. Kent ni ó wà, bí 20 máìlì sí àárín Lọ́ńdọ̀nù. Orí koríko ni wọ́n ti ń fi alùpùpù sáré níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọdún 1950 ni wọ́n da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Láti ọdún 1964 títí di ọdún 1986, ó wà lára àwọn pápá tí a ti ń du ipò ìje àgbáyé tí a ń pè ní Formula One. Jim Clark, ará Scotland, ni ó gba ipò kìíní níbẹ̀ ní ọdún 1964. Nigel Mansell ni ó gbà á ní ọdún 1986.

Bí ẹnìkan bá sì ń sọ pé eré àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí, kí ó rántí Willy T. Ribbs, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí ó wa ọkọ̀ Formula One nígbà ìdánwò ní ọdún 1986, tí ó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó yege láti sá ìje ńlá Indianapolis ní ọdún 1991. Kí ó rántí Lewis Hamilton pẹ̀lú, tí ìran bàbá rẹ̀ wá láti erékùṣù Grenada. Ẹ̀ẹ̀méje ni ó gba adé ìje àgbáyé láàrin ọdún 2008 sí ọdún 2020.

YÀRÁ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́ NI A KỌ́KỌ́ WỌ̀

Mo rò pé bí a bá ti dé, ọkọ̀ ni wọn yóò nà sí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ ìwé ìwakọ̀ wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti fi ẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà kò ní jókòó sínú ọkọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, èmi olùkọ́ sì di akẹ́kọ̀ọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

A tó méjìlá. Bàbá kan wà láàrin wa tí irun rẹ̀ ti funfun bí òwú. Ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ fi ọjọ́ náà ta á lọ́rẹ ọjọ́ ìbí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan sì wà tí ẹnu wọn kò dákẹ́, tí olúkúlùkù ń sọ bí òun yóò ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ òun.

Ẹ̀kọ́ àsíá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá rí àsíá yẹ́lò, ewu ń bẹ níwájú: kí a dín eré kù, kí ẹnikẹ́ni má sì ya ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Àsíá pupa, ohun gbogbo dúró: kí a rọra máa bọ̀ nílé. Àsíá aró, ẹni tí ó yára jù ọ́ wà lẹ́yìn rẹ: jẹ́ kí ó kọjá. Àsíá dúdú, ìwọ gan-an ni a ń pè: wá ṣàlàyé ara rẹ. Ti aláwọ̀ dúdú òun funfun bí ojú ayò, eré ti parí. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fojú fo àsíá kan ṣoṣo dá, eré tirẹ̀ parí lọ́jọ́ náà, owó rẹ̀ sì ti wọgbó.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta náà dákẹ́.

OHUN MẸ́TA TÍ OLÙKỌ́ MI SỌ

Inú ọkọ̀ onílé lásán ni a kọ́kọ́ wọ̀, kí olùkọ́ lè jókòó ti ẹni. Èyí tí wọ́n fún mi jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ohun mẹ́ta ni ó sọ fún mi, ó sì ń tún wọn sọ títí mo fi há wọn sórí.

Èkíní, orí ìlà tààrà ni a ti ń tẹ búréèkì. Kí ọkọ̀ tó dé kọ́nà ni kí eré rẹ̀ ti wálẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ inú kọ́nà ni a ó ti máa wá búréèkì kiri. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ohun tí ọkọ̀ ní láti fi di ilẹ̀ mú kò ju táyà mẹ́rin lọ, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti fi ara kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí n fi owó ọjà ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún yín. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ ra aṣọ, kí ni ẹ ó fi ra ata? Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà rí. Ìwọ̀nba agbára kan ni ó ní. Bí dírẹ́bà bá ná gbogbo rẹ̀ lórí búréèkì, kò sí èyí tí yóò fi ṣẹ́ kọ́nà. Ọkọ̀ yóò máa lọ tààrà sínú igbó, bí ó ti wù kí ó yí sítíárìn tó.

Èkejì, ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ ń darí ọkọ̀ sí. Má wo ihò tí o ń bẹ̀rù. Ọ̀nà tí o fẹ́ gbà ni kí o wò, kí o sì wò ó jìnnà.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ tí ó wà lórí eré kò fẹ́ ìjágbà. Nígbà tí ó sọ èyí, mo rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko. Èmi tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ láti ọdún yìí wá, Kent ni mo ti wá rí ìdí rẹ̀ lójú ọ̀nà.

NÍNÚ ỌKỌ̀ ERÉ ÌJE

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ̀ mí ní ẹ̀wù òkè-dé-ilẹ̀, wọ́n dé mi ní akoto, wọ́n sì mú mi lọ sídìí ọkọ̀ gan-an. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ẹni kan ṣoṣo ni ó gbà. Mo gun orí ìjókòó, mo sì rọra yọ́ wọlé bí ẹni tí ń wọ inú àpò. Ẹsẹ̀ mi nà gbọọrọ síwájú, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn mi níbi tí búùtù ọkọ̀ mìíràn máa ń wà.

Bẹ́líìtì rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan bí ti ọkọ̀ ilé. Wọ́n fi dè mí ní èjìká méjèèjì, ní ìbàdí, àti láàrin itan, wọ́n sì fà á títí mi ò fi lè mira, bí ìyá ti í fi ọ̀já di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Mo ní ó le jù. Ẹni tí ń dì í ní bí ó bá ti rọ̀ mí lọ́rùn, kò tíì le tó.

Ìyípo mẹ́wàá ni mo wà. Ọ̀nà kékeré pápá náà, èyí tí a ń lò lọ́jọ́ náà, kò tó kìlómítà 2, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó tẹ́jú nínú rẹ̀. Ńṣe ni ilẹ̀ náà rí bí inú abọ́. Ní ìparí ìlà tààrà tí ó wà níwájú àwọn òǹwòran ni kọ́nà Paddock Hill wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ó yà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń yà ni ilẹ̀ ń já wálẹ̀, bí ẹni pé wọ́n yọ àkàbà kúrò lábẹ́ ẹni. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ kò lè rí ìsàlẹ̀ títí yóò fi dé etí rẹ̀. Nígbà kìíní tí mo dé ibẹ̀, ikùn mi kù sókè, èmi sì ti wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkè kan tí ó gbé wa lọ sí kọ́nà Druids, tí ó ká bí ìwọ̀ ìpẹja.

Wọ́n to kóònù sí ibi tí ó yẹ kí a ti tẹ búréèkì, sí ibi tí ó yẹ kí a ti yà, àti sí ibi tí ó yẹ kí a fi ara sún mọ́ jù. Ní ìyípo kẹfà, mo ṣíwọ́ bíbẹ̀rù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kóònù bí ẹni ka ìwé.

Kò sí agogo tí ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó nínú rẹ̀. Èyí tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí orúnkún mi ń gbọ̀n, mo bi olùkọ́ mi pé báwo ni mo ti sáré tó. Ó ní lórí ìlà tààrà, yóò tó 100 máìlì ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe 160 kìlómítà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: mítà 44 ni ọkọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ní, “Olúwa mi o!” Kí ẹ tó pè é tán, mítà 44 ti lọ.

Mo tún bi í pé ta ni ó dára jù láàrin wa. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bàbá onírun funfun ni. Ó ní bàbá náà kò já ohunkóhun gbà, kò sì sí ibi tí ó ti tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta náà ni wọ́n pariwo jù, àwọn náà sì ni bàbá ń fi sílẹ̀ ní gbogbo kọ́nà.

ÌṢIRÒ TÍ GBOGBO ÈRÒ ỌKỌ̀ YẸ KÍ Ó MỌ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ èyí sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Inú ìwé òfin ojú ọ̀nà ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà. Bí ọkọ̀ bá ń sá 30 máìlì ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe bí 48 kìlómítà, mítà 9 ni yóò ti rìn kí ẹsẹ̀ dírẹ́bà tó dé orí búréèkì, yóò sì tún rìn mítà 14 kí ó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 23. Bí ó bá wá jẹ́ 60 máìlì ni ó ń sá, tí í ṣe bí 96 kìlómítà ńkọ́? Ẹni tí kò bá ronú yóò ní ìlọ́po méjì ni, mítà 46. Rárá o. Mítà 18 ni ti ìrònú, mítà 55 ni ti búréèkì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 73.

Ẹ wò ó dáadáa. Eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ibi tí búréèkì ń gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Orí ọ̀nà gbígbẹ, táyà tí ó dára, àti dírẹ́bà tí ojú rẹ̀ là ni ìṣirò yìí wà fún. Ẹ fi òjò kún un, ẹ fi táyà tí ó ti dán bí ìgò kún un, ẹ fi dírẹ́bà tí kò sùn lóru kún un, kí ẹ wá sọ iye tí yóò jẹ́ fún mi.

ÀWỌN TÍ PÁPÁ KÒ PA, TÍ TÍTÌ PA

Orúkọ àwọn akọni eré ìje ni wọ́n fi ń pe púpọ̀ nínú àwọn kọ́nà Brands Hatch. Mo jẹun tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ohun tí mo sì gbọ́ mú mi wá ìtàn wọn kà nígbà tí mo délé.

Òkè tí ó lọ sí kọ́nà Druids ń jẹ́ Hailwood Hill. Mike Hailwood gba adé ìje alùpùpù àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó sì tún fi ọkọ̀ sá ìje Formula One. Kò kú sórí alùpùpù, bẹ́ẹ̀ ni kò kú sínú ọkọ̀ ìje. Ní oṣù kẹta ọdún 1981, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ ra ẹja díndín fún oúnjẹ alẹ́. Lọ́rì kan yà bá wọn lójú títì níbi tí òfin kò ti gbà á láyè. Ọmọbìnrin rẹ̀ kú, òun náà sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Ní apá tí ó gùn nínú pápá náà ni kọ́nà Hawthorn wà. Mike Hawthorn gba adé àgbáyé ní ọdún 1958, ó sì fi eré ìje sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1959, ó kú nínú ọkọ̀ ara rẹ̀ lójú títì tí òjò ti rọ̀ sí, lẹ́bàá ìlú Guildford. Ọmọ ọdún 29 ni. Giuseppe Farina, ará Ítálì, tí ó kọ́kọ́ gba adé náà láyé ní ọdún 1950, ojú títì ni òun náà kú sí nílẹ̀ Faransé ní ọdún 1966, nígbà tí ó ń lọ wo ìje.

Èmi kò sọ pé pápá kì í pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní Brands Hatch yìí kan náà, ọkọ̀ Jo Siffert, ará Switzerland, forí sọlẹ̀, ó sì gbiná. Kò ṣẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Èéfín ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n wádìí ikú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ohun ìpaná wà nínú ọkọ̀ ìje, kí atẹ́gùn sì máa gba ọ̀pá wọ inú akoto awakọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní pápá, bí ẹnìkan bá jìn sí kòtò, wọ́n a dí kòtò náà.

ÀWA ŃKỌ́?

Ní ọdún 2019, olùkọ́ kan tí a jọ ń kọ́ni nílé-ìwé kan náà wọ ọkọ̀ èrò láti Èkó, ó ń bọ̀ nílé. Táyà iwájú bẹ́ lórí eré. Àwọn tí ó yè sọ pé dírẹ́bà ti kọ́kọ́ ń rọra lọ, àwọn èrò ni wọ́n ń kígbe mọ́ ọn pé ilẹ̀ ń ṣú, kí ó gbé e. Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti yẹ ìdajì wọn wò kí ó tó rìnrìn-àjò. Èmi ni mo yẹ ìdajì yòókù wò.

A sin ín. A ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ta ni ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà? Ta ni ó béèrè iye wákàtí tí dírẹ́bà ti fi wà lójú ọ̀nà? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ mìíràn ti ń kó èrò níbi kan náà, àwọn èrò rẹ̀ sì ń sọ pé kí ó gbé e.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà wà lára ohun tí ó mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jà fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè jókòó sínú gbogbo ọkọ̀. Ní pápá tí mo lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ ń kọjú sí. Kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọ tí ń kiri omi, kò sí ọkọ̀ tí ń gba ojú ọ̀nà ẹlòmíràn bọ̀, ọkọ̀ aláìsàn sì dúró nítòsí. Síbẹ̀, wọ́n dì mí bí ẹrù kí n tó gbéra. Ní tiwa, ohun gbogbo tí kò sí níbẹ̀ ni ó wà níhìn-ín, dírẹ́bà sì ń fi ọwọ́ kan wà, fóònù wà ní ọwọ́ kejì.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń háyà ọkọ̀ lọ sọ́jà òkèèrè, ẹ má san owó lé owó nítorí eré mọ́. Bí owó yóò bá lé, kí ó lé fún dírẹ́bà tí ó sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra ní wákàtí kan ṣíwájú. Wákàtí yẹn ni ẹ fẹ́ kí ó fi eré rà padà.

Èkejì, ẹ wo táyà kí ẹ tó wọlé. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán lójú, kí ó sì ti gbó nínú.

Ẹ̀kẹta, ẹ de bẹ́líìtì, àti níwájú àti lẹ́yìn. Bí kò bá sí, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́, bí a bá ń kó ọmọ lọ sí ìrìn-àjò ìkẹ́kọ̀ọ́, kí a ṣe bí àwọn oní-pápá ti ṣe sí mi: kí a yẹ ìwé dírẹ́bà wò, kí a yẹ ọkọ̀ wò, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ọmọ kí a tó gbéra.

Ẹ̀karùn-ún, bí dírẹ́bà bá ń fò, ẹ̀yin ni àsíá rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo a sọ ọ́, wọn a ní ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹni mẹ́ta bá sọ ọ́ pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbéra.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, mo tún ìbéèrè mi bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ta ni dírẹ́bà tí ó mọ ọkọ̀ wà jù lọ. Ọmọ kékeré kan tí ó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní, “Tíṣà, ẹni tí ó bá gbé gbogbo èrò rẹ̀ délé ni.” Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé.